Ọmọrí Táyà Lórí Ìṣó

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Atẹ́gùn ni mo tà jẹun. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́, ó ní kí n tún un sọ, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Fọkanáísà ni mí, ní Abuja níbí, láti ìgbà tí ewúrẹ́ ṣì ń sùn sójú ọ̀nà tí ẹ ń sáré mótò lórí rẹ̀ lónìí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Eékún mi ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, kí èmi tó gbà fún un. Bí ẹ bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀, rárá o. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó rán ọmọ mi níléèwé, ọjọ́ kan sì wà tó dá ọkọ mi padà fún mi nígbà tí àwọn èèyàn ti ń múra àtilọ wá òkú wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìkirun la ti wá, èmi àti Bàbá Ṣadé, ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ olú-ìlú tuntun yìí, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà gba Bàbá Ṣadé ṣe awakọ̀ píkọ́ọ̀pù. Bí wọ́n ṣe gbà wọ́n àti ohun tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fò ó. A jẹ, a mu, a ò sì kú. Suleja la kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà a kó wá sí àgọ́ òṣìṣẹ́ kan lẹ́yìn Kado. Omi, oúnjẹ àti irinṣẹ́ ni ọkọ mi ń gbé lọ fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀ nínú igbó. Títì ọlọ́dà máa ń bá wọn lọ dé ibì kan, á wá dá gbáú, bí aṣọ tí télọ̀ ò tíì rán tán. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ pupa ni, lẹ́yìn rẹ̀ òkúta, lẹ́yìn òkúta ni odò kan tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, tí iyanrìn rẹ̀ máa ń tẹ́ lọ súà.

Ibi tí ọ̀dà ti dá yẹn gan-an ni Ọ̀gá Lámídì pa àgọ́ sí, lábẹ́ igi òrí kan. Ará Ṣakí ni wọ́n, wọ́n ga, wọn kì í sábà rẹ́rìn-ín, irun àgbọ̀n wọn sì máa ń kún fún eruku títí di ọjọ́ Jímọ̀. Kò sí píkọ́ọ̀pù tó ń wọ igbó tí kì í dúró lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tú atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀; kò sì sí èyí tó ń jáde tí kì í dúró kí wọ́n tún un gún kó le. Èmi máa ń bá ọkọ mi dé ibẹ̀ láàárọ̀, màá jókòó sórí táyà àlòkù, màá máa wo ọwọ́ Ọ̀gá. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé orí ohun roboto mẹ́rin yẹn ni ẹ̀mí ọkọ mi wà, èmi ò sì mọ nǹkan kan nípa wọn. Ìyẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kan mo dìde, mo kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí."

Wọ́n wo ọkọ mi. "Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ̀yin lẹ rán wọn?"

"Ọ̀gá, wọn ò bi mí léèrè," ni ọkọ mi wí. "Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú wò. Tí ìyàwó mi bá ti pinnu nǹkan, katapílà ò lè tì wọ́n."

"Obìnrin wo lẹ ti rí tó ń pọ́ǹpù táyà?" Èmi ni Ọ̀gá ń bi.

"Obìnrin wo lẹ ti rí tí kì í gúnyán, Ọ̀gá? Agbára kan náà ni."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ sí iwájú mi, wọ́n nawọ́ sí táyà kan tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo so ìró mi le, mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òógùn ti ń wọ̀ mí lójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ táyà náà wò, wọ́n ní, "Ó ku díẹ̀. Má dúró." Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti gbà mí. Tẹ́lẹ̀, "ẹ" ni wọ́n ń pè mí. Láti ìgbà yẹn, "ìwọ" ni. Mo ti di ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ má wá ọ̀gá tó máa fọwọ́ pa yín lórí. Ọ̀gá mi le bí ojú ẹja. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan gééjì tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn fún ìgbà pípẹ́. Eérú ni wọ́n fi kọ́ mi. Wọ́n á da eérú sílẹ̀, wọ́n á ní kí awakọ̀ rọra wa mótò gorí rẹ̀, wọ́n á wá pè mí wá wo ojú ẹsẹ̀ táyà. Bó bá jẹ́ àárín nìkan ló tẹlẹ̀, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ etí méjèèjì ló tẹ̀ tí àárín ò kanlẹ̀, ó ti kéré jù. Bó bá tẹ̀ dọ́gba-dọ́gba, ó tó, fún ẹrù yẹn àti fún ọ̀nà yẹn ni o. Bí ẹrù bá yí padà, a ó tún un ṣe. "Ẹrù ni kó o kọ́kọ́ wò," ni wọ́n máa ń wí, "kó o wá bi í léèrè ibi tó ń lọ, kó o tó wo táyà. Ẹni tó kọ́kọ́ wo táyà ti ṣìnà."

Mo kọ́ ọ mọ́ra bí orin. Píkọ́ọ̀pù tó ru sìmẹ́ǹtì tó fẹ́ sáré lórí ọ̀dà, ẹ̀yìn á gba ogójì lórí gééjì, iwájú á gba nǹkan bí ọgbọ̀n, torí ẹ̀yìn ló ru ẹrù. Bó bá di ilẹ̀ pupa tó ń gbo èèyàn jìgìjìgì, a ó dín in díẹ̀, kí ìfun awakọ̀ lè dúró sí àyè rẹ̀. Ibi òkúta ò fẹ́ táyà tó rọ̀ jù, torí òkúta á gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iyanrìn ló ń fẹ́ kó rọ̀, ogún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kí táyà lè tẹ́ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Èyí tó le á wulẹ̀ máa gbẹ́ sàréè ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n táyà rírọ̀ yẹn kan náà, tó bá padà sórí ọ̀dà tó sì sáré, á máa ká, á máa nà, á máa gbóná nínú, títí yóò fi bẹ́. Gbólóhùn kẹ́yìn yìí ni Ọ̀gá máa ń mú mi sọ láàárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́.

Awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Sule, ará Kánò, ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Ó ti ọ̀nà jíjìn dé nínú oòrùn, ó fi gééjì ara rẹ̀ wọn táyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú atẹ́gùn. Ọ̀gá fò dìde.

"Kai! Sule! Fi í sílẹ̀!"

"Ọ̀gá, ó ti pọ̀ jù now. Wo gééjì."

"Ooru ló wọ̀ ọ́. Tó o bá tú u báyìí, tó bá wá tutù tán, kí lo fẹ́ fi rìn? Jókòó kó tutù."

"Ọ̀gá, abeg, I don late."

"O ò tíì pẹ́ tó àwọn tó ń sùn ní mọ́ṣúárì. Jókòó!"

Sule jókòó, ó ń bu ẹ̀pà jẹ, ó ń fi èdè Hausa kùn sínú. Nígbà tí táyà tutù, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó kéré sí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. "Yauwa," ni Sule wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ Yorùbá. Láti ọjọ́ náà, kò tún sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ Ọ̀gá láìdáa.

Àṣà kan wà lágọ̀ọ́ wa tí n kò rí níbòmíràn. Ọ̀gá ti gbá ìṣó sára pákó gígùn kan, wọ́n fi í kọ́ sára igi òrí. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣó tirẹ̀. Bí o bá ń wọ igbó tí a tú atẹ́gùn rẹ, Ọ̀gá á yọ ọmọrí kékeré tó bo ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ táyà iwájú rẹ, wọ́n á fi ìrépé tìúbù dí ibẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ọmọrí náà bo orí ìṣó rẹ. Kó o tó gorí ọ̀dà padà, wàá dúró gba ọmọrí rẹ, a ó sì gún táyà rẹ. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ tí ọmọrí kan ṣì wà lórí ìṣó, a mọ̀ pé ẹnì kan kò tíì jáde, a ó sì wá a lọ. Mo ti rí ìgbà tí Ọ̀gá dúró sáàárín ọ̀nà níwájú awakọ̀ tó fẹ́ kọjá láìdúró, tí wọ́n na ọmọrí sókè bí àgùntàn Iléyá tí wọ́n ń fi han oníbàárà.

Ọkọ mi nìkan ni kì í jẹ́ kí Ọ̀gá gba ọmọrí wọn. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni wọ́n máa ń fi í sí, wọ́n á ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ gbà, ẹ̀mí mi rèé o." Màá ní kí wọ́n má fi ẹ̀mí ṣeré. Wọ́n á rẹ́rìn-ín wọ inú mótò. Èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi fi ọmọrí náà sórí ìṣó ìkẹyìn, létí pákó.

Ní àkókò òjò kan, ọkọ mi fún mi lọ́mọrí báyìí láàárọ̀, wọ́n wọ igbó lọ. Lọ́sàn-án, òjò ńlá kan rọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Nígbà tó di pé kí Ọ̀gá kírun Àlàásárì, gbogbo ọmọrí ti kúrò lórí pákó àfi tí Bàbá Ṣadé. Awakọ̀ kan tó kẹ́yìn jáde sọ pé odò ti kún, ó sì ń gbé igi lọ. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó okùn sínú mótò láti lọ sí etí odò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo di igi òrí mú.

Ìgbà náà ni ọ̀gbẹ́ni tó ń wa katapílà ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó bi wá ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́.

"Bàbá Ṣadé? Ah, wọ́n ti kọjá tipẹ́! Ọ̀sán yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà tuntun já sórí títì, lápá Kado. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà. Ẹrù irin àwọn tó ń wọnlẹ̀ ni wọ́n rù bọ̀, wọ́n tiẹ̀ juwọ́ sí mi."

Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú oríire. Sule ní, "Madam, sànnu, wọ́n ti wà nílé, wọ́n ń jẹun." Wọ́n ti ń tú okùn sílẹ̀. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ kí n tó gbójú sókè, tí mo rí ọmọrí lórí ìṣó.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "wọn ò tíì gún táyà."

Ọ̀gá Lámídì ti ń wo pákó náà ṣáájú mi. "Ọ̀nà kan ò wọjà," ni wọ́n wí, ohùn wọn rẹlẹ̀. Pákó wa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan, ọ̀nà ti di méjì lẹ́yìn wa. Ọkọ mi ti gorí ọ̀dà pẹ̀lú táyà inú iyanrìn, ẹrù irin sì wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá ju pọ́ǹpù, jáàkì àti tìúbù tírélà sẹ́yìn mótò Sule, wọ́n ní kí n wọlé.

Lórí ọ̀dà, a rí ìrépé rọ́bà dúdú kan, a tún rí òmíràn níwájú. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Mótò ń kọjá lọ, ó ń kọjá bọ̀, kò sẹ́ni tó dúró. Mo ní kí Sule pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó pa á, mo gbọ́ ọ: kan, kan, irin lórí irin, láti inú kòtò tí wọ́n ti wa ilẹ̀ pupa lẹ́bàá ọ̀nà, tí koríko ti bo etí rẹ̀. Ọkọ mi ló ń fi ìwọ̀n agbára tó ṣẹ́kù fún wọn lu ara mótò pẹ̀lú sípánà. Píkọ́ọ̀pù ti dojú dé. Ó há wọn lẹ́sẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, omi òjò tó wà nínú kòtò náà ti dé àyà wọn, ó sì tún ń ṣàn wọlé.

"Ìyá Ṣadé," ni wọ́n wí, "ẹ má sunkún." Mo ti ń sunkún.

Sule ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀. Bó ti ń yí i, jáàkì ń wọ inú ẹrẹ̀ lọ, mótò ò mira. Ó tún gbé e síbòmíràn, ó tún rì. Omi ti ń lọ sí ọrùn. Ọ̀gá gba tìúbù tírélà, wọ́n ká a pẹlẹbẹ, wọ́n fi ọwọ́ àti orúnkún tì í wọ abẹ́ mótò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Wọ́n yíjú sí mi.

"Kí ni iyanrìn ń fẹ́?"

"Ohun tó tẹ́, Ọ̀gá."

"Ẹrẹ̀ náà ńkọ́? Ó yá. Gún un!"

Mo ti gún táyà láyé mi, ẹ ò lè ka iye rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí nìkan ni mo lè sọ bó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fúyẹ́, bí ẹni pé mò ń fẹ́ èémí sínú afẹ́fẹ́ lásán. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìró mi tú, n kò bìkítà. Ọ̀gá kàn ń wí pé, "Má dúró. Ó ku díẹ̀. Má dúró." Tìúbù wú, ó tẹ́ sórí ẹrẹ̀, kò rì, mótò ńlá yẹn sì gbé ara rẹ̀ sókè ní ìwọ̀nba ọwọ́ kan. Ọwọ́ kan yẹn tó. Sule fa ọkọ mi jáde lábíyá.

Ẹsẹ̀ òsì wọn ṣẹ́ níbi méjì. Wọ́n pẹ́ ní ọsibítù, ẹsẹ̀ náà ò sì ká dáadáa mọ́ títí dòní. Nígbà tí Ọ̀gá wá kí wọn, ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀: "Ọ̀gá, mo rí ọ̀dà lójijì, inú mi dùn, mo gbàgbé." Mo retí pé Ọ̀gá á bú wọn. Wọ́n kàn mi orí. "Ẹ ò jẹ̀bi. Pákó mi ò lẹ́sẹ̀." Láti ìgbà yẹn, bí katapílà bá ti ya ọ̀nà kan sórí ọ̀dà, ọ̀kan nínú wa á gbé pọ́ǹpù lọ jókòó síbẹ̀, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn. Ẹ̀yìn ààtàn kan ni mo jókòó sí fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí eṣinṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.

Ọkọ mi tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tún wọ igbó, wọ́n fi ọmọrí sí mi lọ́wọ́, wọn ò sì lè sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ. Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn. Ìgbà tí Ọ̀gá tú mi sílẹ̀ lọ́mọ iṣẹ́, tí wọ́n gbàdúrà fún mi tán, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ṣadé." Mo gbọ́ "ẹ" yẹn, orí mi wú.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ tó ń fi ẹ́ńjìnnì gún atẹ́gùn dé, ó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí a ò gbọ́ àdúgbò mọ́, ṣùgbọ́n ó fún ẹsẹ̀ mi nísinmi. Gééjì tó dára dé. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní, "Ó ń gbìyànjú," wọ́n sì lọ da eérú sílẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Táyà tí kò ní tìúbù náà dé, mo sì ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa máa kọ́ ọ, ẹni tó bá dúró sójú kan lọ́nà ni mótò ń gbá. Èyí tó yí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọ̀dà fúnra rẹ̀. Ó ń lọ síwájú, àwa náà ń tú àgọ́ wa, à ń tẹ̀lé e: láti ẹ̀yìn Kado lọ sọ́nà Life Camp, títí tí a fi dé apá Dei-Dei. Gbogbo ibi tí ọ̀dà bá parí sí, ibẹ̀ ni ilé wa. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, ọ̀dà dé abúlé tí ọ̀nà wa ń lọ, ó gorí afárá kọjá odò oníyanrìn yẹn, kò sì dúró mọ́. Kò sí awakọ̀ tó ń tú atẹ́gùn mọ́. Ọ̀gá yọ pákó, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní Ṣakí ń pè wọ́n. Mo sunkún, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn, torí ọ̀nà tí kò fẹ́ kí èèyàn fi ọmọrí sílẹ̀ kó tó gbà á, ọ̀nà tó dára nìyẹn. Títì ọlọ́dà náà ń jẹ táyà, mo sì gún táyà lórí rẹ̀ títí agbára fi dín.

Ọ̀rọ̀ mi fún yín kò pọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá mú, ẹ wá ẹni tí ẹ ń ṣe é fún, kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ jókòó lọ́fíìsì, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tó fẹ́ dọ̀tí lọ́wọ́, ẹ máa bọ̀. Kò sí iṣẹ́ tó kéré, ojú tí èèyàn fi ń wò ó ló ń kéré.

Pákó Ọ̀gá Lámídì wà lára ògiri ilé wa ní Dei-Dei yìí. Ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà, àfi ọ̀kan létí, torí òun nìkan ni a ṣì ń lò. Bàbá Ṣadé ò wa mótò mọ́, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí wọ́n tó jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn tayò, wọ́n á yọ ọmọrí ògbólógbòó kan lápò, wọ́n á fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi: "Ìyá Ṣadé, ẹ gbà, ẹ̀mí mi rèé o." Lónìí náà, wọ́n fún mi. Mo sì ti ń gbọ́ ọ̀pá wọn lójú ọ̀nà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n dìde lọ yọ ọ́ lórí ìṣó.